Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Nígbà tí Ẹ̀dà Ìpamọ́ Bá Há Sórí Háàdì Díráìfù

Ìbéèrè

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní háàdì díráìfù kan tí mo máa ń so mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, èyí tí ó ń lo Windows, láti fi tọ́jú ẹ̀dà gbogbo fáìlì mi. Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni iṣẹ́ náà kì í ti í parí mọ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ dáadáa, yóò sáré dé nǹkan bí ìdajì, lẹ́yìn náà yóò dúró sójú kan. Kò ní kọ iṣẹ́, kò sì ní ṣe é. Mo ti fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì rí, ibi tí mo fi í sí náà ni mo bá a. Mo ti yọ okùn rẹ̀, mo ti tún un kì bọ̀ ọ́, mo ti pa kọ̀ǹpútà, mo sì ti tún un tàn. Ẹnìkan gbà mí níyànjú pé kí n fọ́máàtì díráìfù náà. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fọ́máàtì ohunkóhun. A kò tíì mọ èyí tí ó ní àìsàn nínú díráìfù ìta àti díráìfù inú kọ̀ǹpútà yín. Iṣẹ́ méjì ni kọ̀ǹpútà ń ṣe pọ̀ nígbà tí ó bá ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́: ó ń ka fáìlì láti inú ara rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sórí díráìfù tí ẹ so mọ́ ọn. Ibi yòówù kí iṣẹ́ ti há nínú méjèèjì, ohun kan náà ni ẹ máa rí lójú kọ̀ǹpútà. Bí ó bá ṣe pé díráìfù inú ni kò lè kàwé mọ́, tí ẹ sì lọ nu díráìfù ìta, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín pa ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó ṣì pé rẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ kó àwọn fáìlì tí ẹ kò lè pàdánù, ìbáà ṣe ìwé iṣẹ́, àwòrán ẹbí tàbí àkọsílẹ̀ owó, kí ẹ fi ọwọ́ dà wọ́n kọ sórí fíláàṣì tàbí sí ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohun mìíràn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀dà náà, ẹ dúró títí yóò fi há, kí ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager yóò ṣí. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ Performance sí, ẹ ó rí díráìfù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dí tó nínú ọgọ́rùn-ún àti iye tí ó ń kà tàbí tí ó ń kọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, ẹ má kánjú. Bí ọwọ́ díráìfù inú bá dí dé 100 nínú 100, síbẹ̀ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ka nǹkan kan, inú kọ̀ǹpútà ni àìsàn wà. Bí ó bá jẹ́ díráìfù ìta ni ọwọ́ rẹ̀ dí bẹ́ẹ̀, ẹ wo ohun tí ó ń kọ: bí ó bá ń kọ díẹ̀díẹ̀, kò há, ó ń falẹ̀ ni; bí ó bá jẹ́ òdo ni ó dúró sí, ó há lóòótọ́. Bí àwọn méjèèjì bá sì wà ní òdo, tí ọwọ́ ìkankan nínú wọn kò dí, sọ́fítíwíà tí ń ṣe ẹ̀dà náà ni ó ń dúró de nǹkan. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá tíì wo èyí kò tíì mọ ohun tí ó fẹ́ tún ṣe, ì báà ti pààrọ̀ okùn lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ń falẹ̀, nítorí pé sísáré dé ìdajì kí ó tó dúró, bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, mú mi fura sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ díráìfù alágbèéká òde òní, pàápàá àwọn tí ó gba tẹ́rábáìtì 1 sókè, ọ̀nà ìkọ̀wé kan wà tí wọ́n ń pè ní SMR. Àwọn ìlà tí wọ́n ń kọ dátà sí lórí àwo rẹ̀ máa ń gun ara wọn létí, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń to páànù sórí òrùlé, kí àwo kan náà lè gba ohun tí ó pọ̀ sí i. Ìṣòro tí ó bá a wá ni pé a kò lè tún ìlà kan kọ láìba èyí tí ó gùn ún jẹ́. Nítorí náà, díráìfù ní láti ka odidi agbègbè náà jáde, kí ó ṣe àtúnṣe tí ó fẹ́ ṣe, kí ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ padà. Kí ẹni tí ń lò ó má baà mọ̀ ọ́n lára, wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ tí ó lè tètè gba dátà, tí díráìfù yóò sì máa to ohun tí ó wà níbẹ̀ sí ààyè rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Bí ẹ bá kọ fáìlì díẹ̀ sí i, ẹ kò ní mọ̀ pé irú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà ìpamọ́ ńlá kì í jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀: apá tí ó yá náà yóò kún, ìwọ̀n tí ó ti lé ní mẹ́gábáìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá yóò já wálẹ̀ sí mẹ́gábáìtì díẹ̀, nígbà mìíràn yóò sì dúró pátápátá fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tún mí.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bí ohun tí ẹ fẹ́ dàkọ bá jẹ́ tẹ́rábáìtì 1, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 10. Ní ìwọ̀n mẹ́gábáìtì 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá, yóò lé ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20 kí nọ́ńbà tí ẹ ń wò lójú kọ̀ǹpútà tó fi ẹyọ kan ròkè. Ẹni tí ó jókòó tì í yóò búra pé ó ti kú. Ohun tí irú díráìfù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ni pé kí ẹ pín iṣẹ́ náà, fódà díẹ̀ lónìí, fódà díẹ̀ lọ́la, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà tí ó tàn fún wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan, kí ó lè to inú ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń yọ ọ́ kíákíá lẹ́yìn tí ó bá ti há, ẹ kò jẹ́ kí ó rí àyè yẹn. Nígbà tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ bá ti parí, tí ó ku fáìlì tuntun nìkan láti máa fi kún un, ìyọnu náà yóò dínkù gan-an. Ní ọdún 2020, Western Digital, Seagate àti Toshiba gbà pé àwọn ti ta àwọn díráìfù SMR kan láìsọ fún oníbàárà pé irú rẹ̀ ni. Mo ka èyí sí ohun tí kò tọ́ rárá, nítorí ẹni tí ń ra díráìfù fún ẹ̀dà ìpamọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wá a lórí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, kí ẹ rí i bóyá SMR ni tàbí CMR, èyí tí àwọn ìlà rẹ̀ kì í gun ara wọn.

Ohun mìíràn tí ó lè mú un falẹ̀ ni pípọ̀ fáìlì kéékèèké. Orí tí ń kàwé lórí àwo máa ń lo nǹkan bí ìdá 10 nínú 1,000 ti ìṣẹ́jú-àáyá kan láti sún láti ibì kan dé ibòmíràn. Bí ó bá sún lẹ́ẹ̀mẹta péré lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan, fáìlì 100,000 yóò ti gba ìṣẹ́jú 50 lórí sísún nìkan, kí á tó ka àkókò ìkọ̀wé fúnra rẹ̀. Antivirus tí ń yẹ fáìlì kọ̀ọ̀kan wò bí ó ti ń kọjá yóò tún fi tirẹ̀ kún un.

Ní ti pé ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tí ẹ sì bá a níbi tí ẹ fi í sí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà yín ni ó sùn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án máa ń sùn láti dá agbára bátìrì sí, iṣẹ́ yòówù kí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì lè dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ so ó mọ́ iná, kí ẹ lọ sí ibi ìṣètò agbára, kí ẹ sọ fún un pé kí ó má sùn nígbà tí ó bá wà lára iná. Windows tún lè pa iná ojú ihò USB fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí Device Manager, ẹ wá USB Root Hub, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ sì yọ àmì tí ó fún kọ̀ǹpútà láyè láti pa á. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ṣe gbogbo wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé díráìfù ìta wà ní òdo ní tòótọ́, tí ẹ sì ń gbọ́ ìró tí Windows máa ń dún nígbà tí a bá yọ nǹkan tàbí tí a bá so nǹkan mọ́ ọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan okùn, ẹ wo agbára iná rẹ̀. Díráìfù alágbèéká tí kò ní okùn iná tirẹ̀, láti ojú ihò USB ni ó ti ń jẹun. Ojú ihò USB 2.0 ní 500 mA (mílíáḿpíà, ìwọ̀n iná) láti fún un. Ti USB 3.0, tí wọ́n sábà máa ń kun inú rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, ní 900 mA. Bí ẹ bá tún wá so ó mọ́ ohun èlò tí ń pín ojú ihò kan sí mẹ́rin, tí kò ní iná tirẹ̀, òun àti eku kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò jọ máa pín èyí tí kò tó tẹ́lẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ara kọ̀ǹpútà tààrà, kí ẹ sì fi okùn mìíràn tí kò gùn dán an wò.

Ó ku ipò kẹrin, níbi tí ọwọ́ díráìfù méjèèjì ti dilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé robocopy, irinṣẹ́ ìdàkọ tí ó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, ni ẹ ń lò, tàbí ètò kan tí ó ń lò ó lábẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́ èyí: bí ó bá pàdé fáìlì tí kò ṣeé kà, yóò dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, yóò tún gbìyànjú, yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 1,000,000 bí ẹ kò bá sọ fún un pé kí ó dín in kù. Ẹ ò rí i pé yóò lo nǹkan bí oṣù mọ́kànlá lórí fáìlì kan ṣoṣo. Ẹ fi /R:2 /W:5 kún àṣẹ tí ẹ fún un, yóò gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì sí i, yóò kọjá lọ. Ẹ sì fi /LOG pẹ̀lú orúkọ fáìlì kan sí i kí ó lè kọ orúkọ èyí tí ó fò sílẹ̀ fún yín. Fáìlì tí ó sábà máa ń fa èyí ni èyí tí ó ṣí sílẹ̀ nínú ètò mìíràn, bíi fáìlì ńlá tí Outlook ń kó lẹ́tà pamọ́ sí. Ẹ pa ètò náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè

Ní tèmi o, olóòtú, orí fáìlì kan náà ni ó ti ń há ní gbogbo ìgbà, fídíò ayẹyẹ kan tí ó gùn. Àwọn fídíò kéékèèké kì í há. Kí ló fà á?

Ìdáhùn

Ẹ wo bí fídíò náà ṣe tóbi tó. Bí ó bá tó gígábáìtì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún eku lórí díráìfù náà, kí ẹ yan Properties, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí iwájú File system, ìyẹn ọ̀nà tí díráìfù ń gbà to fáìlì. Bí ó bá jẹ́ FAT32, ọ̀rọ̀ ti yanjú: fáìlì tí ó tóbi jùlọ tí FAT32 lè gbà jẹ́ báìtì 4,294,967,295, ó ku báìtì kan kí ó pé gígábáìtì 4, bí ààyè ẹgbẹ̀rún gígábáìtì tilẹ̀ ṣófo lórí díráìfù náà. Windows fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ jáde pé fáìlì náà ti tóbi jù, ṣùgbọ́n àwọn ètò ìdàkọ kan kàn máa ń dákẹ́ síbẹ̀ ni.

Bí ó bá jẹ́ Windows nìkan ni ẹ ń lò, àṣẹ kan wà tí ó lè sọ FAT32 di NTFS, èyí tí kò ní ìdíwọ́ yẹn, láìnu ohun tí ó wà lórí rẹ̀: convert, lẹ́tà díráìfù náà pẹ̀lú àmì rẹ̀, lẹ́yìn náà /fs:ntfs. Síbẹ̀, ẹ má ṣe lò ó láìní ẹ̀dà àwọn fáìlì yẹn níbòmíràn, nítorí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ náà, kò sí ohun tí ó lè dá yín lójú mọ́. Bí ẹ bá máa ń gbé díráìfù náà láti ara Windows lọ sí ara Mac, exFAT, tí òun náà ń gba fáìlì ńlá, ni kí ẹ yàn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ṣeé ṣe láìfọ́máàtì. Kí ẹ kó ohun gbogbo kúrò lórí rẹ̀ ná.

Bí fídíò náà kò bá tó gígábáìtì 4, ẹ gbìyànjú láti dà á kọ sórí fíláàṣì. Bí ó bá há níbẹ̀ pẹ̀lú, díráìfù ìta kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ibi tí fídíò náà wà nínú kọ̀ǹpútà yín ni ó ti bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé òun ni àkọ́kọ́ nínú ọ̀pọ̀ tí ń bọ̀. Ẹ yára ṣe ẹ̀dà ìyókù.

Ìbéèrè

Mac ni mò ń lò. Time Machine, ètò ẹ̀dà ìpamọ́ tí ó wà nínú Mac, máa ń sọ pé òun ń múra sílẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ìdáhùn

Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ macOS di tuntun, tàbí lẹ́yìn tí ẹ ti pẹ́ gan-an láìso díráìfù náà mọ́ ọn, ẹ ní sùúrù fún un di ọjọ́ kejì, nítorí ó ń fi fáìlì inú kọ̀ǹpútà wé èyí tí ó wà lórí díráìfù kí ó lè mọ ohun tí ó yí padà. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ dá a dúró, ẹ lọ ṣí Disk Utility, kí ẹ sì lo First Aid lórí díráìfù náà. Ẹ wo antivirus náà, bí ẹ bá ní in. Ẹ sọ fún un pé kí ó má yẹ díráìfù ìpamọ́ wò.

Ìbéèrè

Nígbà tí ẹ̀dà mi bá há, díráìfù náà máa ń dún tá, tá, tá. Ẹnìkan ní kí n lo chkdsk /r, àṣẹ Windows tí ń yẹ díráìfù wò, kí ó lè tún un ṣe. Ṣé mo lè gbà á gbọ́?

Ìdáhùn

Rárá o, ẹ má ṣe é báyìí. chkdsk /r yóò ka gbogbo ojú àwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní wákàtí lórí wákàtí, díráìfù tí ó ti ń kú lọ sì lè má yè é. Ohun tí ó sì ń tún ṣe ni àkọsílẹ̀ ibi tí fáìlì wà. Bí àkọsílẹ̀ náà bá ti dàrú, ó lè gé fáìlì yín sí wẹ́wẹ́ kí ohun gbogbo lè bá ara mu.

Bí àwọn fáìlì náà bá ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà yín, ìwòsàn díráìfù yìí kò pọn dandan. Ẹ gba òmíràn, ẹ ṣe ẹ̀dà tuntun sórí rẹ̀, kí ẹ sì pa èyí tì. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá wà lórí rẹ̀ tí kò sí níbòmíràn, ẹ yọ ọ́ nísinsìnyí. Ìró tá-tá yẹn sábà máa ń túmọ̀ sí pé orí tí ń kàwé ń wá ọ̀nà rẹ̀ tì, sọ́fítíwíà kankan kò sì lè wo ìyẹn sàn. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó dátà jáde nínú díráìfù tí ó bàjẹ́ ni kí ẹ gbé e lọ bá, kí ẹ sì má ṣe tàn án mọ́ títí tí ẹ ó fi débẹ̀.

Fún ẹni tí tirẹ̀ kò tíì dún, ṣùgbọ́n tí ó ń fura, CrystalDiskInfo, ètò kan fún Windows, yóò fi ohun tí díráìfù ń kọ sílẹ̀ nípa ara rẹ̀ hàn án lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlà mẹ́ta ni kí ẹ wò: 05, èyí tí ó ń ka iye àwọn ibi tí ó ti bàjẹ́ tí díráìfù sì ti fi òmíràn rọ́pò, C5, iye àwọn tí kò lè kà dáadáa tí kò sì tíì mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe, àti C6, àwọn tí kò ṣeé kà rárá. Bí C5 bá ti kúrò ní òdo, tí ó sì ń ga sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, mi ò ní fi ẹ̀dà ìpamọ́ ẹnikẹ́ni sórí díráìfù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Linux lò, ètò mìíràn tí a lè fi dípò Windows, lè fi irinṣẹ́ ddrescue kó ohun tí ó kù jáde: ó máa ń kọ́kọ́ kó ibi tí ó rọrùn, yóò fi ibi líle sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn, yóò sì máa kọ ibi tí ó dé sílẹ̀, kí ẹ lè dá a dúró kí ẹ sì tún bá a lọ.

Ìbéèrè

Ti èmi parí, ó dé 100 nínú 100, ṣùgbọ́n iná ara díráìfù ń ṣẹ́jú síbẹ̀, kọ̀ǹpútà sì kọ̀ kí n yọ ọ́. Ṣé kí n fà á yọ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ má fà á. Kọ̀ǹpútà lè sọ pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí apá kan dátà ṣì wà nínú ìrántí rẹ̀ tí kò tíì dé orí àwo. Láti ẹ̀yà 1809 ti Windows 10, tí ó jáde ní ọdún 2018, Windows kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe èyí mọ́ fún díráìfù tí a ń yọ, ṣùgbọ́n Linux ṣì ń ṣe é gan-an. Níbẹ̀, ẹ tẹ àṣẹ sync, kí ẹ sì dúró títí yóò fi dá yín lóhùn. Lórí Windows, ẹ dúró kí iná náà má ṣẹ́jú mọ́, ẹ pa gbogbo fódà tí ẹ ṣí lórí díráìfù náà, ẹ jẹ́ kí antivirus parí ohun tí ó ń yẹ̀ wò, kí ẹ tún gbìyànjú. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ di bọ́tìnì Shift mú bí ẹ ti ń tẹ Shut down, kí kọ̀ǹpútà lè kú pátápátá, kí ẹ sì yọ okùn náà nígbà tí iná ara rẹ̀ bá ti kú.